Ọ̀rẹ́ mi àti ìdílé rẹ̀ ń kó láti Òṣogbo lọ sí Bùkúrù ní Jọ́ọ̀sì: báwo ni kí n ṣe sìn wọ́n?

Ìyá Dámi (Òkè-Fíà)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìmọ̀ràn ni mo wá tọrọ. Ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́ ń kó kúrò ní Òṣogbo. Ibi iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ló gbé e lọ sí Jọ́ọ̀sì, ó sì ti gba ilé oníyàrá méjì sí Bùkúrù. Ìparí oṣù keje, tí àwọn ọmọ bá ti gba ìsinmi, ni wọ́n máa kó. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí. Àgbà ń parí SS2, èkejì wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, òun ló sì ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Àbíkẹ́yìn kò tíì pé ọdún kan. Fíríìjì wà nínú ẹrù wọn, jẹnẹrétọ̀ wà níbẹ̀, bátìrì ínfátà méjì pẹ̀lú.

Mo fẹ́ bá wọn lọ, kó má baà jẹ́ pé òun nìkan ni yóò máa wo ọmọ, tí yóò tún máa wo ẹrù. Báwo ni wọ́n ṣe ń di ẹrù ọ̀nà jíjìn? Ṣé kí n jókòó sínú ọkọ̀ ẹrù kí n lè máa ṣọ́ ọ? Kí ló yẹ kí wọ́n gbé, kí ló yẹ kí wọ́n tà? Ẹ dákun, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáadáa ni kó dá mi lóhùn.

Bàbá Oníkántà (Ìgbọ̀nà)

Ìyá Dámi, ẹ kú ìfẹ́ ọ̀rẹ́. Ẹ má wọ ọkọ̀ ẹrù rárá. Dẹ́rẹ́bà, ọmọ ọkọ̀ àti ọkùnrin kan láti inú ẹbí ti kún iwájú kántà. Orí ẹrù kì í ṣe ibi ìjókòó: tí dẹ́rẹ́bà bá tẹ búrẹ́kì lójijì, kọ́bọ́ọ̀dù ló máa kọ́kọ́ wó lu ẹni tó wà níbẹ̀.

Ẹrù ilé oníyàrá méjì ń wọ kántà kan tó bá jẹ́ alára gígùn. Owó máa ń wálẹ̀ tí ẹ bá rí ọkọ̀ tó gbé àlùbọ́sà tàbí tòmátì wá, tó fẹ́ padà sí òkè Ọya lófìfo. Sábó ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ẹ yẹ inú ọkọ̀ náà wò kí ẹ tó dúnàádúrà. Tó bá jẹ́ màlúù ló gbé wá, kí wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kó gbẹ, kí ẹ tẹ́ ọ̀rá tó nípọn sí i, torí òórùn màlúù tó bá ti wọ fóòmù kì í kúrò mọ́.

Ẹ yẹ gbogbo táyà wò, títí kan èyí tí wọ́n gbé pamọ́. Ìdí rẹ̀ nìyí. Láti Òṣogbo, ẹ máa gba Iléṣà, Àkúrẹ́ àti Ọ̀wọ̀ kí ẹ tó já sí Lọ́kọ́ja. Láti ibẹ̀, ẹ máa gba Abají àti Gwagwaládà dé Àbújá, kí ẹ tó kọrí sí Kéfí àti Akwáńgà. Ẹ̀yìn Akwáńgà ni òkè Hawan Kibo wà, níbi tí títì ti ń gun orí ilẹ̀ gíga Jọ́ọ̀sì. Ó dagun, ó sì lọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Ọkọ̀ tí ẹrù bá pọ̀ jù lórí rẹ̀ á máa fà níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì á gbóná, ẹrù tí wọn ò so dáadáa á sì rọ́ sẹ́yìn lu ilẹ̀kùn. Ojú mọmọ ni kí wọ́n gun òkè yẹn.

Torí náà, gbogbo ohun tó wúwo, iwájú ni kó wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ọkọ̀, nísàlẹ̀: fíríìjì, jẹnẹrétọ̀, páálí ìwé. Pákó ibùsùn àti kọ́bọ́ọ̀dù máa dúró lóòró lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kí ẹ fi okùn so wọ́n mọ́ irin ọkọ̀. Fóòmù àti ẹrù aṣọ ni kí ẹ fi dí àárín, kí nǹkan má lè mì. Àga pálọ̀ ló máa tẹ̀ lé e. Ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ lò ni kó wọlé kẹ́yìn: fóòmù kan, bọ́kẹ́ẹ̀tì, ìgbálẹ̀, ìkòkò kan, gílóòbù. Tapólì méjì ni kí ẹ bò ó, ẹ má fi ẹyọ kan dúró, torí òjò oṣù keje kò ní ojúure. Okùn á sì gba orí rẹ̀ kọjá ní ìgbágbèlébùú.

Ọ̀rọ̀ owó: ẹ jẹ́ kó wà lákọsílẹ̀. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ọkọ̀, ìwé àṣẹ ìwakọ̀ àti ojú dẹ́rẹ́bà. Kí páàkì kọ wébíìlì fún yín, ìyẹn ìwé tó ka ẹrù inú ọkọ̀. Ẹ bi wọ́n ní gbangba bóyá epo ọkọ̀ àti owó tíkẹ́ẹ̀tì ojú ọ̀nà wà nínú iye tí ẹ jọ sọ. Owó àwọn alábàárù tó ń gbé ẹrù sínú ọkọ̀ níbí àti àwọn tó máa sọ̀ ọ́ lọ́hùn-ún, ọ̀tọ̀ ni. Ẹ san ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ gbéra, kí ìyókù dúró títí ẹrù á fi balẹ̀. Ẹni tó ti gba owó rẹ̀ pé lè já ẹrù yín sí Àbújá kó ní ọkọ̀ bàjẹ́.

Kí ẹni tó bá tẹ̀ lé ẹrù mú rìsíìtì fíríìjì, tẹlifíṣọ̀n àti jẹnẹrétọ̀ dání, pẹ̀lú ẹ̀dà lẹ́tà tí ibi iṣẹ́ fi gbé bàálé náà lọ. Ọlọ́pàá á béèrè.

Oníṣẹ́ Fíríìjì (Alékúwodò)

Fíríìjì: ẹ yọ ọ́ lára iná ní ọjọ́ kan gbáko ṣáájú, kí yìnyín yọ́, kí ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ ilẹ̀kùn rẹ̀. Òòró ni kó dúró dé Bùkúrù. Tí wọ́n bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, ọ́ìlì inú kọ̀ńpírẹ́sọ̀ á ṣàn wọ inú páìpù. Tí wọ́n bá wá tan iná sí i kíá, kọ̀ńpírẹ́sọ̀ á jó tàbí kó má tutù mọ́. Bó bá dùbúlẹ̀ lọ́nà, kó dúró lóòró ní ọjọ́ kan kí wọ́n tó tàn án. Bí kò bá dùbúlẹ̀, wákàtí mẹ́rin tó.

Jẹnẹrétọ̀: ẹ fa bẹntiróòlù inú rẹ̀ tán, kí ẹ tàn án títí yóò fi kú fúnra rẹ̀, kí kabúrétọ̀ lè gbẹ. Bátìrì ínfátà tó bá jẹ́ olómi, ásíìdì ló wà nínú rẹ̀, kò gbọdọ̀ wó. Ẹ kọ́kọ́ tú wáyà dúdú kí ẹ tó tú pupa, kí ẹ fi téèpù wé orí méjèèjì, kí ẹ gbé e sínú bàsíà rọ́bà. Ẹ má fi aṣọ sítòsí rẹ̀.

Síìlíńdà gáàsì, ẹ jó o tán. Kò sẹ́ni tó yẹ kó gbé gáàsì sínú ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú ọmọdé.

Nọ́ọ̀tì àti bóòtù ibùsùn, ẹ dì wọ́n sínú ọ̀rá, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó ibùsùn náà gan-an. Bí ẹ bá kó ti ibùsùn mẹ́ta pọ̀ sójú kan, orí ilẹ̀ ni wọ́n máa sùn fún ọ̀sẹ̀ kan.

Nọ́ọ̀sì (Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun)

Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ àárín yẹn ni kí ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa, ó jẹ mí lógún ju ẹrù lọ.

Méjì lára ohun tó ń dá ìrora sílẹ̀ fún ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde ni òtútù àti kí omi ara gbẹ. Méjèèjì ló wà nínú ìrìn àjò yìí. Ọ̀pọ̀ òbí kì í fún ọmọ lómi lójú ọ̀nà kó má baà máa tọ̀ ní gbogbo ìgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Kó máa mu omi díẹ̀díẹ̀ láti òwúrọ̀, kí ọkọ̀ máa dúró ní wákàtí méjì-méjì, kó sọ̀ kalẹ̀ kó na ẹsẹ̀. Kó má jókòó sí ojú fèrèsé tó ṣí.

Jọ́ọ̀sì ga ju òkun lọ ní nǹkan bí 1,200 mítà. Kódà nínú oṣù keje àti ìkẹjọ, òjò àti òtútù ibẹ̀ ju ti Òṣogbo lọ. Tí ọyẹ́ bá wá dé ní oṣù kejìlá àti oṣù kìíní, òru lè tutù gan-an. Súwẹ́tà, ìbọ̀sẹ̀, fìlà olówùú àti kúbùsù ọmọ náà kò gbọdọ̀ wọ kántà, inú báàgì ọwọ́ ni kó wà.

Kí wọ́n tó kúrò, kí wọ́n gba lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ níbí sí Iléewòsàn Ìkọ́ni Yunifásítì Jọ́ọ̀sì. Kí ó kọ irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sí i, kó kọ iye PCV rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀, nígbà tí ara rẹ̀ bá dá, kó kọ ìgbà tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára rí. Kí wọ́n ra folic acid (oògùn ẹ̀jẹ̀) àti Paludrine (oògùn tó ń dènà ibà) tó máa tó oṣù kan, ó kéré tán. Bí ara rẹ̀ bá gbóná dé 38 lójú ọ̀nà, ẹ má sọ pé ẹ máa dé ilé kí ẹ tó wò ó. Iléewòsàn tó bá sún mọ́ yín jù ni kí ẹ yà sí.

Ti ọmọ ọwọ́: káàdì àjẹsára. Bó bá ti pé oṣù mẹ́sàn-án, kó ti gba ti èèyi, ti ibà pọ́njú àti ti yírunyírun kí wọ́n tó gbéra. Yírunyírun máa ń jà lókè Ọya nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Olùkọ́ Àgbà (Ayétòrò)

Ọ̀pọ̀ iléèwé kì í gba ọmọ tuntun sí SS3, torí máàkì kíláàsì láti SS1 ni WAEC ń béèrè lọ́wọ́ wọn. Kí bàbá rẹ̀ lọ bá iléèwé sọ̀rọ̀ ní Bùkúrù báyìí, kó má dúró di oṣù kẹsàn-án. Kó béèrè iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ bá ń ṣe Yorùbá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má ní olùkọ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún. Àwọn ìwé tó máa gbà kúrò níbí: ìwé ìfọwọ́sí pé ó fi iléèwé sílẹ̀, èsì àyẹ̀wò gbogbo tááàmù láti SS1, ìwé ẹ̀rí JSS3, ìwé ọjọ́ ìbí. Kí ọ̀gá iléèwé fọwọ́ sí wọn, kó sì lù wọ́n ní òǹtẹ̀, kó tó gba ìsinmi.

Bí ọ̀nà ò bá là, Ìyá Dámi, ibi tí ẹ ti lè sin ọ̀rẹ́ yín jù nìyẹn: kí ọmọ náà dúró lọ́dọ̀ yín títí yóò fi parí WAEC. Àmọ́ ẹ sọ ọ̀rọ̀ oúnjẹ, owó iléèwé àti ẹni tó máa fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ kí wọ́n tó lọ, kó má dìjà lẹ́yìn.

Ìyá Ìbejì (Ọjà-Ọba)

Ìyá Dámi, mo fẹ́ kí ẹ tún èrò pa. Ṣé bàálé wọn ò ní wá mú wọn ni? Tó bá ń bọ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀ tó fún ọmọ mẹ́ta. Ẹ̀yìn wọn ni iṣẹ́ yín wà.

Ọjọ́ tí kántà bá lọ, ilé kò tíì tán. Ta ló máa gbá a? Ta ló máa dúró ti onílé kó yẹ ilé wò, kó fún wọn ní owó tí wọ́n fi sílẹ̀ nítorí ohun tó bá bàjẹ́? Ta ló máa ta ohun tí wọ́n fi sílẹ̀? Ẹ̀yin ni. Ẹ ya fídíò yàrá kọ̀ọ̀kan, ẹ ya fọ́tò mítà iná, kí ẹ gba ìwé pé kò sí gbèsè, kí ẹ tó fi kọ́kọ́rọ́ lélẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n yọ mítà lọ, ti ilé ni. Kí wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ onílé Bùkúrù bóyá gbèsè ẹni tó kó jáde wà lórí mítà ibẹ̀, torí gbèsè náà ló máa kọ́kọ́ jẹ owó káàdì iná tí wọ́n bá rà.

Kí wọ́n má gbé ọ̀dùnkún òyìnbó, kárọ́ọ̀tì, kábéèjì tàbí tòmátì. Jọ́ọ̀sì ni wọ́n ti ń kó o wá bá wa. Èlùbọ́, gàrí àti epo pupa ni kí wọ́n gbé. Ẹ sá èlùbọ́ kó gan kí ẹ tó dì í sínú ike tó dé dáadáa, kí kòkòrò má wọ̀ ọ́. Kẹ́ẹ̀gì epo kò gbọdọ̀ kún. Ẹ fi ààyè tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀, kí ẹ fi ọ̀rá sábẹ́ ìdérí, torí epo máa ń fẹ̀ nínú oòrùn.

Ìyá Dámi (Òkè-Fíà)

Ẹ ṣé gan-an, mo dúpẹ́. Bàálé wọn ń bọ̀ wá mú wọn lóòótọ́. Mo gbà pé kí n dúró parí ọ̀rọ̀ ilé. Àmọ́ ọkàn mi ò lè gbà kí n má dé ibẹ̀ rárá. Ìgbà wo ni kí n wá lọ, báwo ni mo sì ṣe máa dá nìkan lọ?

Ìyá Ìbejì (Ọjà-Ọba)

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni kí ẹ lọ. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹrù ló máa kún ilé, kò ní sí ibi tí ẹ máa sùn, ẹrù kan ni ẹ tún máa jẹ́ fún un. Nígbà tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta, ọkọ ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹrù ti tò, òun nìkan ló wà nílé láàárín àwọn tí kò gbọ́ èdè rẹ̀. Ìgbà yẹn ni àárò ń mú èèyàn jù. Ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ bá a rìn dé ọjà, kí ẹ jọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń nájà. Ilẹ̀ àwọn Bẹ̀rọ́mù ni Bùkúrù, àmọ́ Haúsá ni wọ́n fi ń tajà fún àlejò: «sannu» ni ẹ máa fi kí wọn, «nawa ne?» ni «èló ni?», «na gode» ni «mo dúpẹ́».

Bàbá Oníkántà (Ìgbọ̀nà)

Tó bá jẹ́ oṣù kẹjọ ni ẹ máa lọ, ó dáa. Ẹ má jẹ́ kó wọ ìparí oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá, torí odò Ọya máa ń kún nígbà yẹn. Ní 2012 àti 2022, omi bo ọ̀nà Lọ́kọ́ja sí Àbújá, ọkọ̀ tò kalẹ̀ lójú títì.

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ ní òwúrọ̀ kùtù ni kí ẹ wọ̀ lọ sí Àbújá, kí ẹ sùn síbẹ̀, kí ẹ tún wọ ọkọ̀ Jọ́ọ̀sì láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ má gbà kí wọ́n sọ fún yín pé ẹ lè ṣe é lọ́jọ́ kan. Òkùnkùn á bá yín ní Hawan Kibo. Ẹ sọ fún dẹ́rẹ́bà pé Bùkúrù ni ẹ ń lọ, torí ẹ máa kan Bùkúrù kí ọkọ̀ tó wọ ìgboro Jọ́ọ̀sì. Tí ẹ ò bá sọ, wọ́n á gbé yín kọjá, ẹ ó sì tún sanwó ọkọ̀ padà sẹ́yìn. Kí ẹ sì fi súwẹ́tà sínú báàgì ọwọ́.