Àlẹ̀mógiri ni pósítà, kì í ṣe pátákó ìpolówó

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi,

Mo ka àbá ẹ̀gbọ́n wa pé kí a máa pe pósítà ní "pátákó ìpolówó". Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, n kò lè fara mọ́ ọn. Pátákó le, ó sì ń dá dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Bébà ni pósítà, ara nǹkan mìíràn ló sì ń gbé.

Ọ̀rọ̀ "ìpolówó" gan-an ló ká mi lára jù. Lóòótọ́, ó bá iṣẹ́ tí Lucian Bernhard, ayàwòrán pósítà ará Jámánì, ṣe fún ìṣáná Priester ní Berlin, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, mu: igi ìṣáná méjì àti orúkọ ọjà, ó parí. Ṣùgbọ́n kí ni OSPAAAL, àjọ ìfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn ará Áfíríkà, Éṣíà àti Látìn Amẹ́ríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Hàfánà, olú ìlú Kúbà, ní 1966, ń polówó nígbà ayé rẹ̀? Àwòrán tí wọ́n fi ń kín àwọn ará Vietnam àti Àǹgólà lẹ́yìn ni wọ́n ń tẹ̀, tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ sí i ní èdè Sípéènì, Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Lárúbáwá, tí wọ́n sì ń ká a sínú ìwé ìròyìn wọn, Tricontinental, kí ẹni tó bá rà á lè yọ ọ́ lẹ̀ mọ́ ògiri rẹ̀. Kò sí ọjà níbẹ̀ rárá.

Nítorí náà, "àlẹ̀mógiri" ni mo fara mọ́. Àwọn Faransé pàápàá, ìṣe kíkàn mọ́ nǹkan ni wọ́n fi sọ ọ́ ní "affiche". Wọn kò wo ohun tí ó ń kéde.

Ẹnìkan bi mí pé opó ńkọ́, nítorí pé láti 1855 ni Ernst Litfaß, atẹ̀wé kan, ti ri opó róbótó mọ́lẹ̀ ní Berlin, kí wọ́n má baà máa lẹ ìwé káàkiri mọ́. Ìdáhùn mi ni pé ìborùn tí obìnrin dì mọ́ ìbàdí, ìborùn náà ni à ń pè é. (Bí ẹ bá ní ọmọńlé náà ń lẹ̀ mọ́ ògiri, mo gbà fún yín.)

Kí "pátákó ìpolówó" dúró fún èyí tó ga fìrìgbọ̀n lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀. Ní ti àrà Bernhard, tí àwọn ará Jámánì ń pè ní Plakatstil (ìyẹn àrà pósítà), mo dábàá "àrà ọjà-kan-orúkọ-kan". Mo mọ̀ pé ó gùn díẹ̀. Ẹni tó bá ní èyí tó ṣe ṣókí jù ú lọ, kó gbé e wá.