Pẹ́dàlì bíréèkì ń rọ̀ tí ọkọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè: kí la lè ṣe kó tó di jàǹbá?

Àbíkẹ́ (olùbéèrè)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú ilé yìí. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá, ẹ jọ̀ọ́. Ọkọ̀ kékeré oníjíà ọwọ́ ni, dísìkì níwájú, dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìn. Láàárín ìlú, bíréèkì rẹ̀ ń mú dáadáa. Àmọ́ tí èèyàn márùn-ún bá wọ̀ ọ́ pẹ̀lú ẹrù, tó wá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè gígùn, pẹ́dàlì á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bíi tìmùtìmù, á wọlẹ̀ títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀ ọkọ̀. Tí ọkọ̀ bá dúró fún bí ìdajì wákàtí, á tún le padà bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣe é. Bàbá wa ló ń wà á, wọ́n sì tún máa gba ọ̀nà òkè yẹn ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Kí ló ń fà á? Tí bíréèkì bá sì kọ̀ pátápátá lójú ọ̀nà, kí ni kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kọ́kọ́ ṣe? Ẹ bá mi tò ó bó ṣe yẹ kó tẹ̀ lé ara wọn, torí mo fẹ́ kà á sí wọn létí.

Ọ̀gá Mẹkáníìkì

Àbúrò, ẹ má jẹ́ kí bàbá gbé ọkọ̀ yẹn gun òkè kankan kí ẹ tó tún un ṣe. Pẹ́dàlì tó ń rọ̀ nígbà tí bíréèkì bá gbóná, tó sì ń le nígbà tó bá tutù, ọ́ìlì bíréèkì tó ti gbó ló sábà máa ń fà á.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Ọ́ìlì yìí máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń gba ara róbà àti ìdérí agolo rẹ̀ wọlé. DOT 3 (oríṣi ọ́ìlì bíréèkì kan) tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 205°C. Tó bá ti fa omi tó bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, ó lè hó ní nǹkan bí 140°C. Ti DOT 4 jẹ́ 230°C ní tuntun, 155°C tó bá ti fa omi. Lórí òkè gígùn, ooru á gba ara páàdì (ohun tó ń gbá dísìkì mú) àti pístìnnì tó ń tì í wọ inú ọ́ìlì náà, á hó, apá kan rẹ̀ á sì di oru. Ọ́ìlì ò ṣeé fún pọ̀, oru ṣeé fún. Oru yẹn ni ẹsẹ̀ bàbá ń tẹ̀ tó ń rọ̀, agbára ẹsẹ̀ wọn ò dé ọ̀dọ̀ páàdì mọ́. Tó bá tutù tán, oru á padà di omi, pẹ́dàlì á sì le. Ibẹ̀ ló ti ń tan awakọ̀ jẹ, á rò pé àìsàn náà ti lọ.

Ẹ ṣe àyẹ̀wò yìí nílé kí ẹ tó lọ bá mẹkáníìkì yín. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ọkọ̀ dúró sójú kan, ẹ tẹ pẹ́dàlì mọ́lẹ̀ kí ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Tó bá ń rọra wọlẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, róbà inú másítà bíréèkì (ibi tí pẹ́dàlì ti ń ti ọ́ìlì lọ sí táyà) ti jẹ, tàbí ọ́ìlì ń jò níbì kan: ẹ wo ẹ̀yìn táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bóyá ọ́ìlì ti rin ibẹ̀. Tí ìtẹ̀ àkọ́kọ́ bá jìn, tí ìkejì sì ga, afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀, tàbí láínì ẹ̀yìn (ohun tó ń gbá dúrọ́ọ̀mù mú) ti jìnnà sí dúrọ́ọ̀mù, ó ń fẹ́ kí wọ́n sún un. Tí pẹ́dàlì bá le gbagidi àmọ́ tí ọkọ̀ ò dúró, ọ̀rọ̀ búsítà (ohun tó ń fi kún agbára ẹsẹ̀ lórí pẹ́dàlì) nìyẹn, tàbí ti páàdì tó ti jóná lójú. Láti dán búsítà wò, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tẹ pẹ́dàlì bí ìgbà márùn-ún títí á fi le, ẹ fi ẹsẹ̀ síbẹ̀, kí ẹ wá tan ẹ́ńjìnnì. Ó yẹ kí pẹ́dàlì wọlẹ̀ díẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá ti tàn. Tí kò bá mira, búsítà tàbí róbà tó ń fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti bàjẹ́.

Awakọ̀ Ọ̀nà Jíjìn

Ọ̀gá ti sọ ti àìsàn. Ti ojú ọ̀nà rèé, ẹ kà á sí bàbá létí lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún kúrò lórí tọ́rọ́tù, kó bọ́ sórí bíréèkì, kó máa lù ú léraléra, kíá kíá, kó máa wọlẹ̀ dé ìsàlẹ̀ kó sì máa gòkè tán pátápátá. Lílù yẹn máa ń ti ọ́ìlì sí i wọ inú páìpù, ó sì lè fún oru yẹn pọ̀ débi tí páàdì á fi gbá dísìkì mú díẹ̀. Tí ìkẹta ò bá mú, ìkẹwàá lè mú. Ẹ má ṣíwọ́.

Bí ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣe ń lù ú, kí ọwọ́ máa já jíà wálẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: 4 sí 3, 3 sí 2, 2 sí 1. Tí èèyàn bá fẹ́ fò láti 4 bọ́ sí 1 nígbà tí ọkọ̀ ń sá eré 80, jíà lè kọ̀ kó má wọlé, ọkọ̀ á wá wà ní fíríì, kò ní sí ohunkóhun tó ń dì í mú mọ́. Jíà kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé, kí wọ́n tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ pátápátá. Níwọ̀n ìgbà tí ẹsẹ̀ bá ṣì tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ́ńjìnnì ò bá ọkọ̀ náà jà rárá. Ẹ́ńjìnnì á ké tòò. Kí bàbá má bẹ̀rù igbe yẹn, iṣẹ́ ló ń ṣe.

Lẹ́yìn náà ni bíréèkì ọwọ́. Wáyà ló ń fà á nínú ọkọ̀ bíi tiyín, kò bá ọ́ìlì da nǹkan kan pọ̀. Kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì orí rẹ̀, kí wọ́n má tú bọ́tìnnì náà, kí wọ́n máa fa ọ̀pá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tí wọ́n bá gbọ́ tí táyà ẹ̀yìn ń han, tàbí tí ìdí ọkọ̀ fẹ́ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n dẹ̀ ẹ́, kí wọ́n tún fà á. Ẹni tó bá fà á fìrí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, táyà ẹ̀yìn á há, ọkọ̀ á sì yí po.

Iná tó ń ṣẹ́jú, fèrè, iná iwájú: ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ lè bá wọn ṣe ìyẹn. Kí ẹ sì ti fi ibi tí bọ́tìnnì iná náà wà hàn án kí ẹ tó kúrò nílé.

Ojú awakọ̀ ńkọ́? Kó máa wá ibi tí ilẹ̀ ti ń gòkè, ibi tí iyanrìn tàbí òkúta wẹ́wẹ́ ti jìn, tàbí koríko gíga tí kò ní igi nínú. Àwọn ọ̀nà òkè kan ní ẹ̀ka tí wọ́n dìídì da òkúta wẹ́wẹ́ sí fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n wọ̀ ọ́ tààrà, kí wọ́n má wo ti ọkọ̀ tó máa rì síbẹ̀. Tí gbogbo ìyẹn ò bá sí, kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ fara ha irin etí títì, tàbí kí wọ́n rọra fi ẹ̀gbẹ́ táyà gbo kọnkéré etí ọ̀nà. Ẹ̀gbẹ́ ni o, kì í ṣe iwájú.

Ṣẹ́gun

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò ní dáa kí èèyàn kúkú pa ẹ́ńjìnnì? Ṣebí ọkọ̀ tí a pa á dúró.

Ọ̀gá Mẹkáníìkì

Rárá o, Ṣẹ́gun. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìwúwo ọkọ̀ ló ń fà á lọ, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Tí ẹ bá pa á, sítíárìn á le bí òkúta lọ́wọ́. Agbára tó kù nínú búsítà kò lè tó ju ìtẹ̀ kan tàbí méjì lọ, lẹ́yìn ìyẹn pẹ́dàlì á le, ẹsẹ̀ á sì pọ́n ún tì. Tí ẹ bá wá fa kọ́kọ́rọ́ yọ, sítíárìn lè há pátápátá, kò ní yí mọ́. Kí ọkọ̀ dúró tán ná, ẹ tó pa á.

Ìyá Ìbejì

Ọ̀gá, ọkọ̀ ọ́tò ńkọ́? Èyí tí bíréèkì ọwọ́ rẹ̀ sì jẹ́ bọ́tìnnì kékeré, tí kò ní ọ̀pá?

Olùkọ́ Awakọ̀

Ìyá Ìbejì, láti D ẹ bọ́ sí 3, ẹ bọ́ sí 2, ẹ bọ́ sí L. Bó bá jẹ́ èyí tó ní àmì + àti −, ẹ máa fà á sí −, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á kọ jíà tó bá ti kéré jù fún eré tí ẹ wà lórí rẹ̀, ẹ kàn máa gbìyànjú lọ. Ẹ má fi sí P nígbà tí ọkọ̀ ń sáré. Eyín irin kékeré kan ni P fi ń di ọkọ̀ mú, á máa fò ni, ó sì lè kán. Ti bọ́tìnnì yẹn, ẹ fà á sókè kí ẹ má fi sílẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, kọ̀ǹpútà á máa fún bíréèkì náà mọ́ra ní ìwọ̀n-ìwọ̀n títí ọkọ̀ á fi dúró. Tí ẹ bá kàn fọwọ́ kàn án kí ẹ sì fi í sílẹ̀, ó lè má ṣe nǹkan kan.

Mo fẹ́ fi ọ̀kan kún un, torí àwọn èèyàn máa ń dà á pọ̀ mọ́ ti bíréèkì tó kọ̀. Tí *tọ́rọ́tù* bá há, tí ọkọ̀ ń sáré fúnra rẹ̀, òdì kejì ohun tí Awakọ̀ Ọ̀nà Jíjìn sọ lẹ máa ṣe. Ẹ má lu bíréèkì. Nígbà tí tọ́rọ́tù ṣí sílẹ̀ gbayawu, ẹ́ńjìnnì kì í fa afẹ́fẹ́ búsítà mọ́ bó ṣe yẹ, ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ agbára tó kù nínú rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gidigidi, kí ẹ dì í mú bẹ́ẹ̀, kí ẹ gbé jíà sí fíríì. Ẹ́ńjìnnì á bú, ẹ jẹ́ kó bú. Ẹ yà sẹ́bàá ọ̀nà, ẹ dúró, kí ẹ wá pa á. Ẹní ẹsẹ̀ tó yọ́ lọ há mọ́ abẹ́ tọ́rọ́tù wà lára ohun tó máa ń fà á. Kí ẹ̀gbẹ́ tí awakọ̀ máa gbẹ́sẹ̀ lé má ní ju ẹní kan lọ, kó sì wà lára ìkọ́ rẹ̀.

Awakọ̀ Ọ̀nà Jíjìn

Àbíkẹ́, ẹ tún sọ èyí fún bàbá, torí òun ni kò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dé ibi tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, lórí téńté òkè níbẹ̀, kí wọ́n ti bọ́ sí jíà tí wọ́n máa fi gun òkè yẹn tí wọ́n bá ń bọ̀ látìsàlẹ̀. Tó bá jẹ́ 2 ni wọ́n fi ń gùn ún, 2 náà ni kí wọ́n fi sọ̀. Kí ẹsẹ̀ wọn má jókòó sórí bíréèkì. Kí wọ́n yan eré kan, ká ní 50. Tí ọkọ̀ bá ti dé 50, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dáadáa títí á fi bọ́ sí 40, kí wọ́n yọ ẹsẹ̀ pátá. Tó bá tún dé 50, wọ́n á tún un ṣe. Àárín méjèèjì yẹn ni atẹ́gùn fi ń fẹ́ sí dísìkì. Ẹni tó gbé ẹsẹ̀ lé e wẹ́rẹ́ láti òkè délẹ̀ ò fún un láyè mí.

Tí wọ́n bá gbóòórùn bí ìgbà tí róbà ń jóná, tàbí tí pẹ́dàlì bẹ̀rẹ̀ sí í jìn, kí wọ́n yà síbi tó bá tẹ́jú níwọ̀n ìgbà tí bíréèkì ṣì kù díẹ̀. Ìdajì wákàtí, ó kéré tán. Wọn ò gbọ́dọ̀ da omi sí dísìkì tó gbóná, ó lè sán tàbí kó wọ́. Wọn ò sì gbọ́dọ̀ fa bíréèkì ọwọ́ tó bá gbóná, láínì lè lẹ̀ mọ́ dúrọ́ọ̀mù. Kí wọ́n fi ọkọ̀ sínú jíà, kí wọ́n fi òkúta há táyà.

Àbíkẹ́ (olùbéèrè)

Ẹ ṣeun gan-an, Olúwa á ràn yín lọ́wọ́. Mo ti kà á sí wọn létí. Wọ́n ní ẹni tó ń bá wa tún ọkọ̀ ṣe sọ pé òun á kàn bu ọ́ìlì kún un, pé ó ti lọ sílẹ̀ díẹ̀. Ṣé ìyẹn tó?

Ọ̀gá Mẹkáníìkì

Kò tó rárá. Bí ẹ bu tuntun lé ògbólógbòó, omi inú ògbólógbòó ṣì wà níbẹ̀, lọ́dọ̀ páàdì níbi tí ooru ti pọ̀ jù. Bó ṣe lọ sílẹ̀ yẹn náà ní ohun tó ń sọ: páàdì ti tín-ínrín, tàbí ọ́ìlì ń jò. Kí wọ́n tú táyà, kí wọ́n wo páàdì. Tí ohun tó kù lára páàdì bá ti kéré sí mílímítà 3, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ ní méjèèjì, ọ̀tún àti òsì.

Kí wọ́n wá bílíìdì gbogbo rẹ̀, ìyẹn ni pé kí wọ́n ti ọ́ìlì ògbólógbòó àti afẹ́fẹ́ inú páìpù jáde. Èèyàn méjì ló gbà. Kí wọ́n fa ògbólógbòó inú agolo òkè jáde, kí wọ́n rọ tuntun, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já ìdérí rẹ̀. Ìgò tó ti ṣí sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù láti ọjọ́ pípẹ́ ti fa omi tirẹ̀. Kí wọ́n lo nọ́mbà tó wà lórí ìdérí agolo náà. DOT 3 àti DOT 4 lè pàdé, àmọ́ DOT 5 ò bá èyíkéyìí nínú wọn dọ́rẹ̀ẹ́. Ọ́ìlì lásán la ń pè é o: ẹni tó bá bu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì síbẹ̀, gbogbo róbà inú rẹ̀ á wú, bíréèkì á bàjẹ́ láti òkè délẹ̀.

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti táyà tó jìnnà jù sí másítà. Kí wọ́n ki róbà tó mọ́ gaara bọ ẹnu nọ́ọ̀tì bílíìdì, kí ìdí róbà náà rì sínú ọ́ìlì díẹ̀ nínú ìgò. Ẹni inú ọkọ̀ á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, á dì í mú. Ẹni ìsàlẹ̀ á tú nọ́ọ̀tì náà bí ìdá mẹ́rin ìyípo, ọ́ìlì á tú jáde, á sì dì í padà *kí ẹsẹ̀ tó gòkè*. Tí ẹsẹ̀ bá ṣíwájú ọwọ́, afẹ́fẹ́ ni wọ́n tún fà wọlé. Wọ́n á máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí ọ́ìlì aláwọ̀ tíì tó ń jáde á fi mọ́, tí kò sì ní sí ìfóófòó nínú róbà mọ́. Kí ojú wọn má kúrò lára agolo òkè. Tó bá lọ sísàlẹ̀ ìlà MIN, afẹ́fẹ́ lè wọlé, wọ́n á sì ní láti tún bẹ̀rẹ̀. Èyí tó bá kán sára ọ̀dà ọkọ̀, omi ni kí wọ́n fi ṣàn án kíá, ó máa ń bó ọ̀dà. Lẹ́yìn ọdún méjì, kí ẹ tún pààrọ̀ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ ò rìn púpọ̀.

Àbíkẹ́ (olùbéèrè)

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé wọ́n ṣe é dáadáa kí bàbá tó wà á jáde?

Ọ̀gá Mẹkáníìkì

Kí ọkọ̀ tó mira rárá, kí bàbá lu pẹ́dàlì títí á fi le, torí pístìnnì tí wọ́n tì sẹ́yìn nígbà tí wọ́n ń fi páàdì tuntun sí i ò tíì padà síbi iṣẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n wá ṣe ti ìṣẹ́jú àáyá 30 yẹn. Tí kò bá wọlẹ̀, kí wọ́n wa ọkọ̀ níbi tó tẹ́jú tí kò sí èèyàn, ní eré 20, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́: ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dúró gbọọrọ láì fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bó bá ń fà sí ọ̀tún tàbí òsì, kí wọ́n dá a padà fún mẹkáníìkì lọ́jọ́ náà. Páàdì tuntun ò sì tíì mọ ojú dísìkì. Kí wọ́n fún un ní ọjọ́ mélòó kan láàárín ìlú, kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ wẹ́rẹ́, kí wọ́n tó kó ẹrù lé e lọ sórí òkè.