Kóòṣì ní kí n lọ rí onímọ̀ nípa ọkàn, ṣé kí n pààrọ̀ rẹ̀ ni?

Asáré400: Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, inú ń bí mi, mi ò rí oorun sùn. Irinwó mítà ni mò ń sá. Láti ìgbà tí mo ti padà sórí pápá, bí wọ́n bá ti ní ká múra, ẹsẹ̀ mi á wúwo, ìka mi á máa gbọ̀n lórí ìlà. Ní ìdíje tó kọjá, mo ṣí kí ìbọn tó dún, wọ́n lé mi jáde. Ẹlẹgbẹ́ mi kan wá ń pariwo pé, "Ṣé áńgẹ́lì ló tì ọ́ ni?" Níwájú gbogbo ayé! Kóòṣì ò bá a wí. Ó ní kí n lọ rí onímọ̀ nípa ọkàn. Ṣé wèrè ni mí? Mò ń gbàdúrà, mò ń gbààwẹ̀, mo máa ń kúnlẹ̀ kí n tó sáré. Kí ló tún kù?

Ìyá Eléré: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Pààrọ̀ rẹ̀ kíá. Nígbà tí èmi ń ju ọ̀kọ̀, kóòṣì wa kì í fẹ́ ká kọrin ìyìn nínú bọ́ọ̀sì. A kọ ọ́ náà ni, bọ́ọ̀sì ń mì tìtì!

Tísà Orí Pápá: Àbúrò, "padà" láti ibo? O fara pa ni? Dókítà ti ní o lè sáré?

Ajíhìnrere: Di ìgbàgbọ́ rẹ mú! Eric Liddell, asáré ará Scotland tó jẹ́ Kristẹni, kọ̀, kò sá ọgọ́rùn-ún mítà ní Paris lọ́dún 1924, torí ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n fi ìpele àkọ́kọ́ sí. Irinwó mítà tìrẹ yìí ló wá sá, ó gba góòlù, ìṣẹ́jú àáyá 47.6.

Fò-Jìnnà: Jonathan Edwards, ará Britain tó ń fo ìfò ẹlẹ́ẹ̀mẹta, ńkọ́? Òun náà ò lọ sí ìdíje àgbáyé 1991 nítorí ọjọ́ Ìsinmi. Lọ́dún 1995 ó fo mítà 18.29. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ní òun ò gba Ọlọ́run gbọ́ mọ́.

Ajíhìnrere: Kí nìyẹn ń ṣe níbí? Ọmọ ń sunkún, ẹ ń sọ fún un pé kò sí Ọlọ́run!

Fò-Jìnnà: Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ tún un kà, ẹ̀gbọ́n.

Alhaja Alápẹ̀rẹ̀: Ẹ rọra. Hakeem Olajuwon gbààwẹ̀ Ramadan nínú oṣù kejì 1995, òun náà ni NBA, líìgì bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ Amẹ́ríkà, fi ṣe agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù lóṣù yẹn. Ṣùgbọ́n ó ń jẹ sààrì o. Irú ààwẹ̀ wo ni tìrẹ?

Asáré400: Àárọ̀ sí ọ̀sán ni, kò le rárá. Orúnkún ló ṣe mí, dókítà ti fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ dá kóòṣì láre, ẹ ò mọ ẹnu rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó yé yín: mo jẹ́jẹ̀ẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì pé bí Ọlọ́run bá wò mí sàn, màá máa gba àmì ẹ̀yẹ fi yìn ín lógo. Ọjọ́ tí mi ò bá gbà á, ẹ̀ṣẹ̀ mi ló fà á, mi ò ní sáré mọ́. Èmi ò lè fi ẹ̀jẹ́ ṣeré.

Tísà Orí Pápá: Háà! O ò sì tètè sọ. Ohun tó ń wúwo lẹ́sẹ̀ rẹ nìyẹn. Ẹni tó gbà pé Ọlọ́run wà lẹ́yìn òun, bó ṣubú, á dìde. Ẹni tó rò pé Ọlọ́run ń fi ìjákulẹ̀ jẹ òun níyà, ẹ̀rù rẹ̀ á máa pọ̀ sí i ni. Àwọn tó ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí ti rí i dáadáa. Bẹ́ẹ̀ lórí ìlà, òfin ò gbà kéèyàn ṣí kó tó pé 0.100 ìṣẹ́jú àáyá lẹ́yìn ìbọn. 0.099 ni wọ́n fi lé Devon Allen, asáré ará Amẹ́ríkà, jáde lọ́dún 2022. Ìwọ wá gbé ìdájọ́ Ọlọ́run lé e. Simone Biles, eléré jimnásíìkì tó jẹ́ Kátólíìkì, ń rí onímọ̀ nípa ọkàn, kò sì ya wèrè.

Ìyá Eléré: Mo ṣì ní kó pààrọ̀ kóòṣì.

Ajíhìnrere: Ẹ̀jẹ́ ò ṣeé já, Oníwàásù 5. Àmọ́ ta ló kọ́ ẹ ní irú èyí? Ta ló ní ipò kẹrin di ẹ̀ṣẹ̀?

Alhaja Alápẹ̀rẹ̀: Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá ja ìbúra á bọ́ tálákà mẹ́wàá. Bi pásítọ̀ rẹ bóyá tiyín náà ní ọ̀nà àbáyọ.

Asáré400: Màá bi í. Onímọ̀ yẹn ni mi ò tíì gbà. Sátidé ni ìdíje.

Tísà Orí Pápá: Kóòṣì mọ̀ nípa ẹ̀jẹ́ yìí?

Asáré400: Rárá o. Kó lè rí nǹkan mìíràn fi mí ṣẹ̀sín?

Tísà Orí Pápá: Kò mọ̀, o sì ń bínú sí i. Sọ fún un kó tó di Sátidé.