Ọmọ ọdún 31 ni mí, mi ò mọ kóòdù kọ: ṣé mo lè bọ́ sínú iṣẹ́ digital forensics, ìyẹn wíwá ẹ̀rí inú kọ̀ǹpútà àti fóònù?

Oníṣirò

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi nínú ẹgbẹ́ yìí, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín, ẹnu ni mi ò là. Lónìí, ẹ gbà mí.

Ọdún 7 ni mo ti fi ń yẹ ìwé owó wò. Lọ́dún tó kọjá, owó ńlá kan pòórá níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Gbogbo wa ti fọkàn sí i pé ọmọkùnrin tó ń bójú tó ilé ìkẹ́rùsí ló gbé e. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, èmi náà wà lára àwọn tó ń fojú burúkú wò ó. Wọ́n wá pe oníwàádìí kọ̀ǹpútà kan láti ìta. Obìnrin ni, kò tiẹ̀ pariwo rárá. Ó gbé kọ̀ǹpútà mẹ́ta lọ, ó sì ní ká fọwọ́ síwèé pé òun gbé wọn. Nígbà tó padà, ó fi hàn wá pé ìwé owó ọjà tí wọ́n kọ oṣù kẹta sí lórí, oṣù kẹfà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́, lórí kọ̀ǹpútà ọ̀gá kan. Ọmọkùnrin yẹn ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ yìí ti wọ̀ mí lọ́kàn.

Ṣùgbọ́n mi ò mọ kóòdù kọ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní iṣẹ́ ọlọ́pàá ni, pé obìnrin tó bá lọ síbẹ̀ ń fọwọ́ ara rẹ̀ wá wàhálà. Mo sì gbọ́ pé àwọn tó ń ṣe é máa ń rí ohun tí ojú ò gbọdọ̀ rí, bẹ́ẹ̀ mo lọ́mọ kékeré nílé. Ṣé kí n dán an wò, àbí kí n jókòó ti ìwé owó mi?

Atúnfóònùṣe

Àǹtí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dẹ́rù bà yín. Ẹ wá sọ́fítíwià tó ń dá fáìlì tí wọ́n ti pa padà, ẹ fi oṣù kan kọ́ ọ, ó tán. Èmi náà ń ṣe é fún àwọn oníbàárà mi. Ohun kan tí mo kàn rí ni pé ẹ̀yin obìnrin kì í ní sùúrù fún irin àti wáyà.

Ìyá Hash

Àbúrò mi Atúnfóònùṣe, ìwọ tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ní oṣù kan lo ń bá obìnrin sọ̀rọ̀ sùúrù?

Dídá fáìlì padà wà nínú forensics bí abẹ́rẹ́ ṣe wà nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Kì í ṣe òun ni iṣẹ́ náà. Lórí díìsì àtijọ́, fáìlì tí wọ́n pa á ṣì wà níbẹ̀ títí nǹkan mìíràn á fi gorí rẹ̀. Lórí SSD, díìsì ìgbàlódé tí kò ní ohun tó ń yí nínú, ètò tí wọ́n ń pè ní TRIM sábà máa ń gbá a mọ́ kíá, ó di àwátì. Ta lo máa wá lọ bá nígbà náà?

Oníṣirò, ọdún 14 nìyí tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń ṣe fún ọ gan-an. Tí wọ́n bá gbé kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti pa wá, n kì í tàn án. Mo máa yọ díìsì rẹ̀, mo máa so ó mọ́ write blocker, ohun èlò kékeré tó ń jẹ́ kí n kà á láìjẹ́ kí ohunkóhun wọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀ látòkèdélẹ̀, títí kan ibi tó dà bíi pé ó ṣófo. Mo máa wá gba hash ojúlówó àti ti ẹ̀dà, ìyẹn àmì ìdánimọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń ṣírò jáde látinú gbogbo ohun tó wà nínú díìsì. SHA-256, ọ̀kan lára ọ̀nà ìṣirò náà, máa ń já sí lẹ́tà àti nọ́ńbà 64. Bí ẹnikẹ́ni bá yí kọ́mà kan péré padà nínú díìsì náà, èyí tó máa jáde á yàtọ̀ pátápátá. Tí méjèèjì bá bára mu, ojúlówó dinú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́, orí ẹ̀dà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ní ti fóònù, inú àpò Faraday, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò lè wọ̀, ló ń wọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà jókòó síbi kan kó nu gbogbo ohun inú rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn.

Ṣé o rí kóòdù níbẹ̀? Python, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ kóòdù, á wúlò fún ọ bó bá yá, n ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ìwé kíkọ ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi, kí n ṣàlàyé ohun tí mo rí fún ẹni tí kò fẹ́ gbà mí gbọ́. Ìwọ tó ti ń bá nọ́ńbà tí kò bára mu jà láti ọdún 7, orí bébà lo ti ń ṣe é.

Ní ti ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá: Dennis Rader pa èèyàn 10 ní agbègbè Wichita, ní Kansas, ní Amẹ́ríkà, láàárín 1974 sí 1991, wọn ò rí i mú. Ní 2005, ó fi díìsì floppy kan ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Fáìlì kan tó ti pa ṣì wà nínú rẹ̀. (Atúnfóònùṣe, má rẹ́rìn-ín.) Ẹni tó bá dá fáìlì yẹn padà tó sì dúró síbẹ̀ ì bá má rí nǹkan kan. Àkọsílẹ̀ tí Word, sọ́fítíwià ìkọ̀wé, fi pamọ́ sẹ́yìn fáìlì ni wọ́n kà: orúkọ "Dennis", àti orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì kan. Wọ́n wá ṣọ́ọ̀ṣì náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n bá Dennis nídìí ipò ààrẹ ìgbìmọ̀ rẹ̀. Ìbọn wo ni wọ́n yìn?

Agbẹjọ́rò Kan

Mi ò mọ kọ̀ǹpútà. Tí wọ́n bá mú ẹ̀rí orí fóònù wá tako oníbàárà mi, n kì í bá wọn jà lórí sáyẹ́ǹsì. Ìwé tí wọ́n fi gba ẹ̀rí náà lọ́wọ́ ara wọn ni mo máa ń béèrè. Ta ló gbé e, láago mélòó? Ibo ló sùn láti ọjọ́ Ẹtì di ọjọ́ Ajé? Ibi tí àlàfo bá wà ni mò ń gbà wọlé.

Oníwàádìí kan ni mo tíì pàdé tí n kò rí àlàfo lọ́wọ́ rẹ̀, obìnrin ni. Mo fẹ́ kó sọ àsọdùn kí n lè gbá a mú. Ó ní, "Fóònù yìí ló fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́. Ẹni tó dì í mú lọ́wọ́ nígbà náà, fóònù ò sọ fún mi." Mo jókòó.

Mo Ti Yí Ẹ̀ka

Gbogbo yín ti ń fo ìbéèrè rẹ̀ tó le jù.

Ọdún 4 ni mo fi wà ní ẹ̀ka tó ń wádìí ìwà ìbàjẹ́ sí àwọn ọmọdé. Òótọ́ ni, wàá rí i. Irinṣẹ́ ti dín in kù: PhotoDNA, tí Microsoft àti Hany Farid ṣe ní 2009, lè dá àwòrán tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ mọ̀ láìjẹ́ pé èèyàn tún ń là á wò. Àwòrán tuntun ńkọ́? Ojú èèyàn ló máa wò ó. A máa ń pa ohùn fídíò, a máa ń sọ ọ́ di dúdú òun funfun, a kì í fi í ṣe iṣẹ́ àṣekẹ́yìn kí a tó relé. Lẹ́yìn tí mo bímọ, ó kọjá agbára mi. Mo sọ fún ọ̀gá mi, mo sì bọ́ sí ẹ̀ka tó ń wádìí bí àwọn ọ̀daràn ṣe ń já wọ kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́. Mi ò tijú ẹ̀.

Ohun tí wọn kì í sọ fún àwa obìnrin ni pé ilé oníyàrá púpọ̀ ni forensics. Ìwádìí jìbìtì owó wà, kíkó ìwé jọ fún ẹjọ́ iléeṣẹ́ wà. O lè ṣe é títí di ìfẹ̀yìntì láìrí irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò, bi wọ́n: irú ẹjọ́ wo lẹ máa ń gbà? Ta lẹ ní tí a lè bá sọ̀rọ̀ tí ọkàn bá wúwo? Ẹni tó bá fi ìyẹn rẹ́rìn-ín, má bá a ṣiṣẹ́. Ẹ̀ka tí mo wà báyìí náà ní ìyọnu tirẹ̀, wọ́n lè pè mí láago méjì òru. Fún ìyá ọmọ kékeré, ti owó yẹn ni mo fọwọ́ sí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Alẹ́

Àǹtí mi, ẹ má tíì sanwó ìdánwò kankan. GCFE, ìwé ẹ̀rí kan nínú iṣẹ́ forensics, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ́n gan-an, ibi iṣẹ́ ló sì ń bá ọ̀pọ̀ èèyàn san án. Ọ̀fẹ́ ni Autopsy, sọ́fítíwià tí a fi ń yẹ díìsì wò, ọ̀fẹ́ ni FTK Imager tí a fi ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀. NIST, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó òdiwọ̀n, kó ẹ̀dà díìsì tí wọ́n dìídì ṣe fún ìdánrawò síbi tí wọ́n ń pè ní CFReDS. Ẹ wo WiCyS náà, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin inú iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà tí Ambareen Siraj dá sílẹ̀ ní 2012. Tí ẹ̀gbọ́n yín bá sì tún ní iṣẹ́ ọkùnrin ni, ẹ ní kó bi àwọn tó ń yẹ ẹ̀rọ Apple wò ta ni Sarah Edwards, tàbí kó bi àwọn onífóònù ta ni Heather Barnhart.

Atúnfóònùṣe

Ẹ̀gbọ́n, mo gba ìbáwí. Write blocker yẹn, ibo la ti ń rí i rà?

Oníṣirò

Ẹ ṣeun o, Ọlọ́run á san án fún yín. Ọ̀sẹ̀ kan rèé tí mo ti ń dán an wò. Mo fi FTK Imager ṣe ẹ̀dà fláàṣì mi àtijọ́, mo kọ hash rẹ̀ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta mo tún un ṣe, hash náà ò bára mu mọ́. Mi ò ṣí fáìlì kan ṣoṣo o! Kí ni mo ṣe?

Ìyá Hash

Ṣé o kàn ki fláàṣì náà bọ kọ̀ǹpútà Windows lásán ni, láìsí write blocker?

Oníṣirò

Bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Ìyá Hash

Àpò fáìlì kan wà tó fara sin, System Volume Information. Bí o ṣe ń ki fláàṣì bọ̀ ọ́, Windows lè máa kọ nǹkan tirẹ̀ síbẹ̀ láìkanlẹ̀kùn. Ìwọ kọ́. Kọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, tọjọ́ taago, má fi àṣìṣe náà pamọ́, kí o sì fi ìjábọ̀ náà ránṣẹ́ sí mi.

Oníṣirò

Ṣé ojú ìwé kan tó, àbí méjì?

Ìyá Hash

Títí tí agbẹjọ́rò òkè yẹn ò fi ní ríbi gbà wọlé.