Báwo ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kékeré ṣe lè bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìṣirò?

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo kí yín láti Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí mo ti jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kékeré kan. A mọ̀ pé ìṣirò wà lára ohun tí Brentford, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní London, gbára lé kí wọ́n tó gòkè sí Premier League ní 2021, ṣùgbọ́n olówó ni Matthew Benham tó ni wọ́n. Fóònù kan àti ìwé àkọsílẹ̀ ni tiwa. Bí a bá ń kọ ibi tí wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan sójú ilé sílẹ̀, ṣé Excel tó fún un? Ta ló sì yẹ kó máa ṣe é: kóòṣì wa, tí kì í fẹ́ kí a yẹ iṣẹ́ òun wò, tàbí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò kan láti Yunifásítì Tai Solarin ní Ìjagun?