Owó ọmọdé òṣèré: kí ló ṣẹlẹ̀ sí ti Shirley Temple?

Ìbéèrè (Ìkòròdú): Ẹ kú iṣẹ́ o. Báwo lowó Shirley Temple, ọmọdé òṣèré fíìmù ní Amẹ́ríkà láyé ọjọ́un, ṣe lọ? Àwọn ọmọ wa náà ti ń ṣe fíìmù báyìí.

Èsì (Ẹ̀pẹ́): Ó pa ju mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là lọ. Nígbà tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1950, lọ́mọ ọdún 22, nǹkan bí 44,000 dọ́là ló kù. Bàbá rẹ̀ ló ń tọ́jú owó náà. Ó dunni gan-an!

Èsì (Àgbádárìgì): Ní Kalifọ́níà, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ yọ ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ ọmọ náà sí àkáǹtì tí òbí kò lè fọwọ́ kàn. Ẹ kọ irú ẹ̀ sínú ìwé àdéhùn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Tí gbogbo owó bá gba àkáǹtì òbí wọlé, yóò dà pọ̀ mọ́ owó oúnjẹ.