Ẹ gbà mí o: gbèsè PACE ń bẹ lórí plaza tí mo fẹ́ rà ní Houston, Jímọ̀ la fẹ́ fọwọ́ sí i

Ìyá Bíbí, Houston
Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹni tó bá ṣì jí, ẹ jọ̀ọ́, kó dá mi lóhùn. Jímọ̀ la fẹ́ fọwọ́ sí ìwé plaza kékeré kan ní ìhà Bissonnet. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà ni, ti ìyá elélùbọ́ tí gbogbo wa mọ̀ wà níbẹ̀. Lónìí ni ilé iṣẹ́ title, àwọn tó ń yẹ ìwé ilẹ̀ wò, fi ìwé ránṣẹ́, mo bá rí i pé ìdè kan wà lórí ilẹ̀ náà, PACE (Property Assessed Clean Energy) ni wọ́n pè é, owó tí onílé máa ń yá fi tún ilé ṣe kí iná tó ń jẹ lè dínkù, tí wọ́n á so mọ́ ilẹ̀. Ẹni tó ń tà á ló yá owó náà. Ó fi pààrọ̀ gbogbo AC orí òrùlé, ó fi tún òrùlé ṣe, ó fi bóòbù LED sí ilé yíká. Ó ṣẹ́ ku $222,000. $23,500 lọ́dọọdún, ọdún 17 ló kù. Wọ́n ní èmi ni màá máa san án lọ! Èmi tí n kò mọ ìgbà tí wọ́n yá a! Mo ti fi $40,000 sílẹ̀ lórí ilé yìí, n kò fẹ́ kó bómi lọ. Oúnjẹ ò lọ lọ́fun mi láti àárọ̀.

Dúpẹ́, Dallas
Àǹtí mi, ẹ sá o! Nǹkan tí wọ́n fi gba ilé mọ́ àwọn arúgbó lọ́wọ́ ní California nìyẹn. Ẹ gba owó yín padà kíá.

Ẹ̀gbọ́n Láyí, Houston
Dúpẹ́, rọra. Èyí tí ò ń sọ, ti ilé gbígbé ni. Los Angeles County fúnra rẹ̀ pa tirẹ̀ tì ní 2020. Òfin Texas ti 2013 kò tiẹ̀ fàyè gba ilé tí èèyàn ń gbé pẹ̀lú ìyàwó àtọmọ. Ilé ìtajà, ilé iṣẹ́, àti ilé tí ìdílé márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè gbé ló wà fún. Harris County tí Houston wà gbà á ní 2015. Àwa náà ní in lórí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wa.

Ìyá Bíbí, ẹ mu omi tútù ná. Ilẹ̀ ló jẹ gbèsè yẹn, kì í ṣe èèyàn. Bí owó orí ilé gẹ́lẹ́ ni, ẹni tó bá ni ilẹ̀ lọ́jọ́ tí owó pé ló ń san án. Kò sẹ́ni tó máa bi yín ní $222,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tẹ́ ẹ bá kùnà ọdún kan, ti ọdún yẹn nìkan ni wọ́n lè torí rẹ̀ dìde sí ilé, ìyókù á dúró síbi tó wà. Àmọ́ èyí tó bá ti pé yẹn, iwájú báńkì ló wà. Ìbéèrè mi ni pé báńkì tó fẹ́ yá yín lówó, ṣé wọ́n ti rí ìwé yìí?

Ìyá Bíbí, Houston
Mo fi ránṣẹ́ ní aago méjì ọ̀sán. Ẹni tó ń bójú tó ìwé mi ní òun á wò ó. Láti ìgbà yẹn, kò fèsì.

Àkànní, Chicago
Háà. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí. Ọdún 2019, boiler ilé mi kú ní South Side, ayálégbé mẹ́jọ ló wà nínú ilé. Kọ̀ǹgílá kan ní kí n fọwọ́ sí PACE, kò sí kọ́bọ̀ tí màá mú jáde, owó orí ilé ló máa gbé e. Mo ní báńkì mi ńkọ́? Ó ní ìyẹn kékeré, tó bá yá a ó sọ fún wọn. Mo san $9,500 fún ẹnjiníà tó wá wọn gbogbo ilé, mo san $18,000 fi mú boiler. Ìgbà tá a wá dé ọ̀dọ̀ báńkì, wọ́n ní láéláé, ẹnikẹ́ni ò ní dúró níwájú àwọn lórí ilé yẹn. Láìsí ìwé ìyọ̀ǹda wọn, kò sí PACE. Gbogbo owó yẹn lọ. Oṣù kìn-ín-ní ni o, ní Chicago! Mo ra hítà oníná fún yàrá kọ̀ọ̀kan, bíìlì iná oṣù yẹn, n kò fẹ́ rántí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Láyí, Houston
Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Bó ṣe rí lọ́dọ̀ tiwa náà nìyẹn. Òfin ní kẹ́ ẹ sọ fún báńkì ó kéré tán ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ sì gba ìwé lọ́wọ́ wọn. Oṣù mẹ́rin ni báńkì ṣọ́ọ̀ṣì wa fi jókòó lé e. Ẹ sì wò ó, ṣọ́ọ̀ṣì kì í san owó orí ilé, àmọ́ a ń san èyí, torí àdéhùn tá a fọwọ́ ara wa sí ni. Ní tiwa, ẹni tó yá wa lówó ló ń fi bíìlì ránṣẹ́ tààrà.

Ìyá Bíbí, ìwé méjì ni kẹ́ ẹ gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Èkíní, èyí tí ẹnjiníà tí kì í ṣe ti kọ̀ǹgílá kọ ṣáájú iṣẹ́, tó sọ iye iná tí ilé ń jẹ àti iye tó máa dínkù. Èkejì, èyí tí wọ́n kọ lẹ́yìn iṣẹ́, tó fi hàn pé wọ́n ṣe é lóòótọ́. Òfin Texas ní méjèèjì gbọ́dọ̀ wà fún owó yìí. Ìwé ìdè tí wọ́n fi sórí ilẹ̀ náà wà ní ọ́fíìsì County Clerk, níbi tí wọ́n ń tọ́jú ìwé ilẹ̀ sí, ẹ lọ kà á tán pátá.

Bàbá Ìbejì, Maryland
Báńkì, báńkì. Èmi, ayálégbé ló fọ́ mi lágbárí.

Mo ra ilé ọ́fíìsì alájà mẹ́ta ní Silver Spring. PACE ti wà lórí rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, inú bíìlì owó orí ilé gan-an ló máa ń wà. Inú mi dùn, mo ní AC tuntun, fèrèsé tuntun, iná á dínkù. Iná dínkù lóòótọ́! Ṣùgbọ́n kálukú ló ní mítà tirẹ̀. Àpò ayálégbé ni èrè wọ̀, àpò tèmi ni $31,000 ti ń jáde lọ́dọọdún. Mo wo ìwé àdéhùn wọn, ó ní kí wọ́n máa san “owó orí ilé àti owó tí ìjọba bá bù lé ilé.” Mo pín bíìlì fún wọn. Dókítà eléyín tó wà nísàlẹ̀ gba lọ́yà. Lọ́yà ní ìjọba kọ́ ló bù ú lé ilé, onílé ló fi ẹnu ara rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún un. Mo bá wọn jà fún oṣù mọ́kànlá, mo tún gbé e jẹ.

Àkànní, Chicago
Ẹ má bínú sà, lọ́yà yín ló já yín jù sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn wà nínú ìwé kedere. Owó tó bá wà nínú bíìlì owó orí ilé, owó orí ilé ni.

Ṣìmí, Atlanta
Rárá o, bọ̀dá. Ìwé owó àwọn onílé ni mo ń bá wọn ṣe lójoojúmọ́. Dókítà yẹn jàre. Owó tí ìjọba bù lé gbogbo ilé àdúgbò láti fi la ọ̀nà, ìyẹn lọ̀tọ̀. Èyí, onílé ló yàn án. Bí ìwé àdéhùn kò bá dárúkọ rẹ̀ ní pàtó, ẹ má fi lé ayálégbé lọ́wọ́.

Àkànní, Chicago
Ṣùgbọ́n ta ló ń jẹ ìgbádùn AC tuntun? Dókítà yẹn náà ni! Kí iná rẹ̀ dínkù, kí Bàbá Ìbejì máa sanwó rẹ̀? Ìdájọ́ wo nìyẹn?

Ṣìmí, Atlanta
Mo gbà pé kò dáa. Èyí tó tọ́ àti èyí tí ìwé sọ kì í ṣe ọ̀kan náà. Kí ẹni tó kọ́kọ́ yá owó náà tó fọwọ́ sí i ló yẹ kó ti pe àwọn ayálégbé jókòó, kó tún ìwé wọn kọ. Kò ṣe é. Bàbá Ìbejì náà, ẹ má bínú mà… ẹ má bínú sà, ẹ ra ilé láìka ìwé àwọn tó ń gbé inú rẹ̀.

Bàbá Ìbejì, Maryland
Mo kà á. Mo kà á bí mo ṣe fẹ́ kó rí ni.

Ìyá Bíbí, Houston
Àyà mi tún já. Mẹ́rin nínú mẹ́fà ni wọ́n wà lórí triple net, ìyẹn ni pé ayálégbé ló ń san owó orí ilé, ìnṣọ́ránsì àti àtúnṣe. Ìyá elélùbọ́ àti télọ̀ tó wà létí rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ìwé tiwọn ti pẹ́, iye kan náà ni wọ́n ń san lóṣù, onílé ló ń san ìyókù.

Ṣìmí, Atlanta
Ẹ wá ṣírò rẹ̀ nìyẹn, mà. Ẹ má wo $222,000. $23,500 ní ọdún 17 jẹ́ $399,500. Iye tó máa jáde lọ́wọ́ ilé yẹn nìyẹn. Bí ẹni tó ń tà á kò bá tíì yọ ìyẹn lára iye tó pè, ilé náà wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ ní kó dín in, tàbí kó fi owó tẹ́ ẹ máa san fún un pa gbèsè náà rẹ́ kó tó kúrò. Àmọ́ ẹ bi í léèrè ìtanràn tó wà lórí kéèyàn san án tán ṣáájú ọjọ́, ó sábà máa ń wà.

Dúpẹ́, Dallas
Mo yí ọkàn padà díẹ̀. AC tuntun ní Houston, àánú ni.

Ẹ̀gbọ́n Láyí, Houston
AC orí òrùlé ní Houston tó bá lo ọdún 15, ó ti gbìyànjú. Tó bá di ìgbà tí gbèsè yìí máa tán, wọ́n á ti pé 20. Òfin ní gbèsè ò gbọdọ̀ ju ọjọ́ ayé ohun tí wọ́n fi rà lọ. Mo rò pé òrùlé tó máa pẹ́ ni wọ́n fi gbé e dé 20. Ẹ bèèrè. Tẹ́ ẹ bá ní láti tún ra AC nígbà tí ti àkọ́kọ́ kò tíì tán, gbèsè méjì nìyẹn.

Àkànní, Chicago
Kí ló tiẹ̀ gbé yín dé Houston ná? Inú ààrò lẹ ń gbé. Ẹ̀ ń yá owó ọdún 20 kí ẹ lè mí.

Dúpẹ́, Dallas
Ẹni tí etí rẹ̀ ń dì lóṣù kejì ló ń sọ̀rọ̀.

Àkànní, Chicago
Ó ń dì, àmọ́ iná wà! Ẹ̀yin tí NEPA Texas mú iná lọ ní oṣù kejì 2021, tẹ́ ẹ fi yìnyín dáná. Ìjì Beryl tún dé ní oṣù keje 2024, ó lé ní mílíọ̀nù méjì mítà tó ṣókùnkùn. Ẹ kúrò ní Lagos, ẹ tún lọ bá a níwájú.

Ìyá Bíbí, Houston
Èyí dùn mí o, torí òótọ́ ni. Ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn Beryl ni tiwa tó dé. Bíbí tí wọ́n bí síbí, tí kò dé Nàìjíríà rí, òun ló pariwo “Up NEPA!” N kò mọ ibi tó ti gbọ́ ọ. Mo jókòó sí kíṣìnnì, mo sunkún.

Bàbá Ìbejì, Maryland
Ọ̀dọ̀ wa níbí, kò gbóná jù, kò tutù jù. Ẹ máa bọ̀.

Ṣìmí, Atlanta
Pẹ̀lú owó ilé Maryland? Atlanta ló ku ibi tí Yorùbá ti lè ra ilẹ̀ tó ní ẹ̀yìnkùlé.

Ẹ̀gbọ́n Láyí, Houston
Gbogbo AC yìí ń jẹ́ kí n rántí ilé bàbá mi ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn. Kò sí AC kankan níbẹ̀. Búlọ́ọ̀kù oníhò wà lókè fèrèsé, ilẹ̀kùn iwájú kọjú sí ti ẹ̀yìnkùlé, afẹ́fẹ́ á wọlé níhìn-ín, á jáde lọ́hùn-ún. Tó bá di ọ̀sán, màmá mi á fi omi nu sìmẹ́ńtì, a ó tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a ó sùn. Ẹnjiníà tó wá wọn gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní òrùlé ló ń gba ooru, mo sọ fún un pé birikìlà bàbá mi mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1964, àjà igi ló fi sí i.

Bàbá Ìbejì, Maryland
Ẹ̀gbọ́n, sìmẹ́ńtì tútù yẹn. Pupa ni tiwa ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n á fi bébà kun epo ìkunlẹ̀ sí i. Mo lè gbóòórùn rẹ̀ báyìí. Àti àgbàdo sísun níwájú ilé, tí òjò bá ń ṣú.

Dúpẹ́, Dallas
Pẹ̀lú àgbọn!

Bàbá Ìbejì, Maryland
Ẹ̀yin Ọ̀yọ́ lẹ ń fi ẹ̀pà jẹ ẹ́. Àgbọn ni tiwa, ẹ ò sì lè gbà á lọ́wọ́ wa.

Dúpẹ́, Dallas
Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí sà, àgbọn ni mo fi ń jẹ ẹ́.

Ìyá Bíbí, Houston
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́rú rèé, báńkì ṣì dákẹ́. Ẹni tó ń tà á ti fi ìwé ẹnjiníà àkọ́kọ́ ránṣẹ́. Ó ní òun ń wá èkejì. Ó ní òun lè yọ $60,000, òun ò lè yọ jù bẹ́ẹ̀.

Ṣìmí, Atlanta
Kò tó, mà. Ẹ má gbà á kí ìwé kejì tó dé. Ẹ ní kí lọ́yà yín bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí i.

Àkànní, Chicago
Kò tó, àmọ́ ó ń bọ̀. $100,000 ni kẹ́ ẹ dúró sí.

Ẹ̀gbọ́n Láyí, Houston
Bí báńkì bá kọ̀, gbogbo ìnájà yìí ò níláárí. Ẹ lọ jókòó sí ọ́fíìsì wọn lówùúrọ̀ ọ̀la, ẹ má fi ránṣẹ́ mọ́. Mo lè bá yín lọ.

Ìyá Bíbí, Houston
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Aago mẹ́sàn-án, màá wá gbé yín. Iwájú ṣọ́ọ̀bù ìyá elélùbọ́ ni mo wà báyìí, a fẹ́ jọ ka ìwé tirẹ̀. Ó ti gbọ́ pé wọ́n ń ta ilé, ẹ̀rù ń bà á ju èmi lọ.

Bàbá Ìbejì, Maryland
Ẹ bá mi kí i. Ẹ sọ fún un pé kó má fọwọ́ sí ohunkóhun lónìí. Ẹ tún bá mi bèèrè bóyá ó ní ewé eéran, a ti wá a tì níbí.

Àkànní, Chicago
Dì méjì fún Chicago. Mo ń fi owó ránṣẹ́.

Ìyá Bíbí, Houston
Ó ní dì méjì náà ló kù. Ó ní ta ló kọ́kọ́ bèèrè nínú yín.